Àbúrò mi fẹ́ gbé èmi àti Màmá lọ pàgọ́ nídìí omi gbígbóná inú aṣálẹ̀. Ẹ gbà mí nímọ̀ràn

ÌyáÌbejì_Ìtòkú

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ọ̀rọ̀ yìí gùn díẹ̀, ẹ jọ̀wọ́, ẹ fara balẹ̀ bá mi kà á.

Aláàdìrẹ ni mí ní Ìtòkú. Ọdún kẹrìnlá rèé tí àbúrò mi ọkùnrin ti wà ní Los Angeles, a kò sì tíì fojú kan ibi tó ń gbé. Lọ́dún yìí, Ọlọ́run ṣe é, èmi àti Màmá wa rí físà gbà. Ìparí oṣù kọkànlá la ó gbéra. Ohun tí mo ti ń rò ni pé a ó jókòó tì í nílé, a ó jẹun, a ó gbé ọmọ rẹ̀ tuntun jó, a ó padà wá. Àfi bó ṣe pè mí lálẹ́ ọjọ́ Sunday pé òun ti ṣètò ohun tí a kò ní gbàgbé láyé.

Ó ní ibì kan wà tí wọ́n ń pè ní Saline Valley, nínú Death Valley, ní California níbẹ̀. Aṣálẹ̀ ni. Àárín aṣálẹ̀ náà ni omi gbígbóná ti ń sun jáde látinú ilẹ̀, tí kò sẹ́ni tó dáná sí i. Àwọn tó ń lọ síbẹ̀ ti fi òkúta àti sìmẹ́ńtì mọ adágún kéékèèké sí i, èèyàn á jókòó sínú rẹ̀, omi á mu ún dé àyà. Kò sí òtẹ́ẹ̀lì, kò sí ṣọ́ọ̀bù, kò sí iná mànàmáná, fóònù ò ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Inú àgọ́ la ó sùn fún òru mẹ́ta. Ó wá fi iṣẹ́ ọwọ́ mi bá mi sọ̀rọ̀. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé ẹ rí bí ojú ẹ̀kọ ṣe máa ń funfun wínníwínní lára aṣọ tó bá ti inú aró jáde? Bí ojú ọ̀run ibẹ̀ ṣe rí lóru nìyẹn." Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára, mi ò lè purọ́.

Ẹni ọdún 71 ni Màmá. Orúnkún ń dùn wọ́n, ti ọ̀tún le ju ti òsì lọ. Láràárọ̀ kí n tó lọ sọ́jà, mo máa ń ki táwẹ̀lì bọ omi gbígbóná, màá fún un, màá fi di orúnkún náà títí yóò fi tutù, màá tún kì í bọ̀ ọ́. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni kí wọ́n tó lè na ẹsẹ̀ yẹn. Wọ́n sì ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru. Látìgbà tí wọ́n ti gbọ́ pé omi gbígbóná wà níbì kan tó jẹ́ Ọlọ́run fúnra rẹ̀ ló sè é, wọn ò sinmi mọ́. Wọ́n ti sọ fún àwọn ẹgbẹ́ wọn ní ṣọ́ọ̀ṣì pé Amẹ́ríkà làwọn ti ń lọ wẹ orúnkún yìí nù. Inú mi ń dùn bí mo ṣe ń wo ayọ̀ wọn, ẹ̀rù sì ń bà mí.

Omi yẹn, ṣé kò ní bó èèyàn? Kí la ó jẹ, kí la ó mu? Ejò ńkọ́? Mo bi àbúrò mi bóyá òun ti dé ibẹ̀ rí. Ó ní rárá, fídíò lòun wò, àti pé ọkọ̀ gíga ọ̀rẹ́ òun kan lòun fẹ́ yá. Ìdáhùn yẹn gan-an ló jẹ́ kí n kọ èyí. Ẹni tó bá ti dé irú ibẹ̀ rí, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fi nǹkan kan pamọ́ fún mi. Màmá kan ṣoṣo ni mo ní.

ỌmọEkìtì_Àsẹ́rọ̀

Ẹ kú ìmúra ìrìnàjò, Ìyá Ìbejì. Èmi ò dé Amẹ́ríkà rí, ṣùgbọ́n omi gbígbóná inú ilẹ̀ kì í ṣe àjèjì lọ́dọ̀ wa. Ìkógòsì wà ní Èkìtì. Mo kó ìyàwó àti àwọn ọmọ lọ láti Abẹ́òkúta ní ọdún méjì sẹ́yìn. Omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ ń sun látara òkè, omi tútù ń bọ̀ níbòmíì, wọ́n wá pàdé ara wọn lójú ọ̀nà. Ọmọ mi obìnrin ki ẹsẹ̀ kan bọ èyí tó tutù, ó ki èkejì bọ èyí tó gbóná, ó ń pariwo pé, "Dádì, ẹ wá wò ó o!" Ọkọ̀ ń dé ibẹ̀, ibi tí àlejò lè sùn sí sì wà. Tó bá jẹ́ torí orúnkún Màmá ni, ẹ kọ́kọ́ gbé wọn lọ síbẹ̀ kí ẹ wo bí ara wọn yóò ṣe gbà á, kó tó wá di pé ẹ gbé wọn wọ aṣálẹ̀ òyìnbó. Ìmọ̀ràn tèmi nìyẹn.

Alátáyà_Láfẹ́nwá

Ìyá Ìbejì, ẹ kú ọjà o. Mo ti dé ibẹ̀. Ibi tí àbúrò yín dárúkọ yẹn gan-an, nínú oṣù kọkànlá ọdún 2014.

Láfẹ́nwá ni ṣọ́ọ̀bù mi wà báyìí, táyà ni mò ń tà tí mo sì ń lẹ̀. Kí n tó padà wálé, ọdún mẹ́jọ ni mo fi ṣiṣẹ́ táyà ní Bakersfield, California. Torí náà, ẹ fara dà á tí ọ̀rọ̀ mi bá dá lórí táyà ju omi lọ. Omi yẹn kò ní ṣe yín ní nǹkan kan tí ẹ bá ṣe é jẹ́jẹ́. Ọ̀nà tó dé ìdí omi náà ló yẹ kí ẹ bẹ̀rù.

Ó lé ní 40 máìlì tí kò sí ọ̀dà lórí rẹ̀. Ẹ rò ó bí ẹni tó gbéra ní Láfẹ́nwá tó ń lọ sí Ìbàdàn, tó jẹ́ pé orí òkúta ló ń rìn láti ìbẹ̀rẹ̀ títí tó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ débẹ̀, tí kò rí ilé kan, tí kò rí ẹni tó ń ta omi, tí kò rí ọlọ́kadà. Ojú ilẹ̀ ká kò bíi páànù ìkọ́lé, ọkọ̀ á máa gbọ̀n débi pé eyín èèyàn á máa lu ara wọn. Bí òjò bá rọ̀, àgbàrá á gé apá kan lọ. Ọ̀nà méjì ló wọ àfonífojì náà, ti àríwá àti ti gúúsù, orí òkè sì ni méjèèjì gbà kọjá. Òkè ti àríwá ga ju 2,000 mítà lọ, yìnyín lè dí i nígbà òtútù. Big Pine ni ẹ ti lè ra epo tí ẹ bá gba àríwá, tí ẹ bá gba gúúsù, Panamint Springs ni. Lẹ́yìn ìyẹn, kò sí mọ́. Kí wọ́n rọ epo kún táǹkì, kí wọ́n tún gbé kẹ́ẹ̀gì kan dání.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí wa. Àwa mẹ́rin la lọ, ibì kan náà la jọ ń ṣiṣẹ́. Ọ̀rẹ́ wa tó ni ọkọ̀ ti ra táyà mẹ́rin lọ́wọ́ ẹnì kan ní ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú, wọ́n ní tuntun ni. Ó ń dán, ojú rẹ̀ jìn dáadáa, irun wẹ́wẹ́ ara rẹ̀ ò tíì já. Èmi tí mo ń ṣiṣẹ́ táyà, mo wò ó, mo ní ó dáa. Mi ò bẹ̀rẹ̀ kí n ka nọ́ńbà ara rẹ̀. Ohun tó ń dùn mí dòní nìyẹn.

Ọ̀nà gúúsù la gbà, ilẹ̀ sì ti ṣú. Bí a ṣe ń sọ̀kalẹ̀ nínú ọ̀nà tóóró kan tí wọ́n ń pè ní Grapevine Canyon, mo gbọ́ "fààà", ọkọ̀ sì tẹ̀ sápá ọ̀tún lẹ́yìn. A bọ́ sílẹ̀. Mo tan tọ́ọ̀ṣì, mo kúnlẹ̀ tì í. Ẹ̀gbẹ́ táyà ni òkúta là, ó gùn tó ìka mẹ́ta. Ojú ibẹ̀ mọ́ tónítóní bí ẹni fi abẹ là á. Mo ki àtàǹpàkò mi bọ̀ ọ́, mo fẹ̀ ẹ́ sí iná, mo rí i pé rọ́bà inú rẹ̀ ti gbẹ, ó ti sán wẹ́wẹ́ bí ẹrẹ̀ tí oòrùn pa. Ìgbà yẹn ni mo tó fi aṣọ nu eruku kúrò lójú nọ́ńbà: 3105. Ọ̀sẹ̀ kọkànlélọ́gbọ̀n, ọdún 2005 ni wọ́n ṣe é. Táyà ọlọ́dún mẹ́sàn-án ni wọ́n tà fún un ní tuntun.

Mo ń sọ ọ́ fún àwọn oníbàárà mi lójoojúmọ́, màá sọ ọ́ fún ẹ̀yin náà: ojú táyà ni à ń lẹ̀, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kò ṣe é lẹ̀. Táyà ẹ́kísítírà tó wà lẹ́yìn ọkọ̀ wa, irú tín-ín-rín yẹn ni, èyí tí wọ́n ṣe pé kó fi ojú ọ̀dà gbé èèyàn dé ọ̀dọ̀ alátáyà. Kò lè rin orí òkúta wọ̀nyẹn. Fóònù ò gbé. Inú ọkọ̀ la sùn. Nígbà tó fi máa di aago mẹ́ta òru, mi ò mọ̀ bóyá mo ní ìka ẹsẹ̀ mọ́, ike omi tí a gbé sórí bọ́nẹ́ẹ̀tì sì ti dì lójú. Ẹni tó bá gbọ́ aṣálẹ̀ á rò pé ooru ni tọ̀sán tòru. Ọ̀sán nìyẹn. Ọyẹ́ tó le jù tí ẹ rí rí ní Abẹ́òkúta, kò tó òru ibẹ̀. Ẹ gbé ẹ̀wù òtútù gidi, ìbọ̀sẹ̀ oníwúùlù, fìlà tó bo etí, kí àpò tí ẹ ó fi sùn sì jẹ́ èyí tí wọ́n ṣe fún òtútù.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, bàbá òyìnbó arúgbó kan tó ń bọ̀ láti ìdí omi náà bá wa níbẹ̀. Ẹ́kísítírà ńlá méjì ló dè sórí ọkọ̀ rẹ̀. Ó wọn ihò nọ́ọ̀tì wa pẹ̀lú ojú, ó ní ó bá tòun mu, ó tú ọ̀kan fún wa. Kò gba owó. Ó ní kí a bá òun gbé e wá sílé tí a bá ti jáde, a sì gbé e lọ fún un ní ọ̀sẹ̀ kejì.

Gbogbo èèyàn kọ́ ló ń rí irú bàbá yẹn. Nínú oṣù keje ọdún 1996, ará Jámánì mẹ́rin, àgbà méjì àti ọmọdé méjì, wọ Death Valley pẹ̀lú ọkọ̀ tí wọ́n yá. Oṣù kẹwàá ni wọ́n tó rí ọkọ̀ náà nínú ibì kan tó ń jẹ́ Anvil Canyon, táyà ti bẹ́, kò sẹ́nì kankan nínú rẹ̀. Ọdún 2009 ni wọ́n tó rí egungun, ó jìnnà sí ibi tí ọkọ̀ wà. Death Valley yìí kan náà ni wọ́n ti wọn 56.7°C ní ọjọ́ kẹwàá oṣù keje ọdún 1913, kò sì tíì sí ooru tó ju ìyẹn lọ nínú àkọsílẹ̀ ayé. Ká ní oṣù keje lẹ fẹ́ lọ ni, ọ̀rọ̀ kan ni mi ò bá sọ: ẹ má lọ. Ìparí oṣù kọkànlá dáa. Ṣùgbọ́n tí ọkọ̀ bá bàjẹ́, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fẹsẹ̀ rìn kúrò nídìí rẹ̀. Ọkọ̀ ló rọrùn láti rí. Tí àbúrò yín bá ní iPhone 14 tàbí èyí tó jáde lẹ́yìn rẹ̀, ó lè gba sátẹ́láìtì ké sí àwọn adóòlà níbi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò sí, ẹ ní kó kọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣe é kó tó kúrò nílé. Kí ó sì sọ fún ẹnì kan ní Los Angeles ọjọ́ tí ẹ ó jáde.

Ti táyà, kí ó bá ọ̀rẹ́ rẹ̀ wò ó bóyá lẹ́tà LT wà lára rẹ̀. Èyí ló nípọn lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ẹ́kísítírà méjì, kí ó tóbi bákan náà pẹ̀lú àwọn tó wà nílẹ̀. Jáàkì, pákó pẹlẹbẹ kan tí jáàkì á dúró lé, géèjì, àti ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ kékeré tó ń lo bátìrì ọkọ̀. Ibi tí ọ̀dà bá ti parí, kí wọ́n sọ̀ kalẹ̀, kí wọ́n jò ó láti 35 wá sí nǹkan bí 25 lójú géèjì. Táyà tó le ń forí gbá òkúta ni, èyí tó rọ̀ díẹ̀ á fara mọ́ ọn bí àtẹ́lẹsẹ̀ ṣe ń fara mọ́ ilẹ̀. Kí wọ́n má jò ó jù, torí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ á wú síta, òkúta á sì rí i là. Kí wọ́n máa rìn pẹ̀lẹ́. Nígbà tí ẹ bá padà dé orí ọ̀dà, kí wọ́n fa afẹ́fẹ́ sí i padà kí wọ́n tó sáré, torí táyà tó rọ̀ tó ń sáré lórí ọ̀dà, gbígbóná ló ń gbóná títí tó fi máa bẹ́.

Omi mímu: àwọn tó ń ṣàkóso ọgbà ìpamọ́ náà ní lítà mẹ́rin fún ẹnì kan lójúmọ́, ó kéré tán. Èmi ní kí ẹ gbé mẹ́fà. Oúnjẹ kò le. Gaàrí Ìjẹ̀bú tó kan dáadáa, kúlíkúlí, ẹ̀pà. Gaàrí kò bèèrè iná. Ẹ má gbé ẹran gbígbẹ láti ilé o, kọ́sítọ́ọ̀mù Amẹ́ríkà á gbà á ní pápákọ̀ òfurufú. Ejò kan wà níbẹ̀ tó ń mi ìrù bí ẹni mi ṣẹ́kẹ́rẹ́, òtútù oṣù kọkànlá sì ti ń lé wọn wọ ihò. Àkekèé ni kí ẹ ṣọ́. Ẹ gbọn bàtà láràárọ̀ kí ẹ tó ki ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́.

Ó wá ku omi náà fúnra rẹ̀. Ìyá Ìbejì, ara mi ṣì máa ń rántí rẹ̀. Aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì la débẹ̀, pẹ̀lú eruku nínú eyín, nínú etí, nínú irun. Wọ́n ní kí a kọ́kọ́ fi omi ṣan ara wa lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, torí kò sẹ́ni tó ń gbé eruku tàbí ọṣẹ wọ inú adágún. Mo wọ̀ ọ́. Ó gbóná ju ara èèyàn lọ díẹ̀, kò bó ni. Ọwọ́ mi tó ti ń dùn mí láti ìgbà tí a ti ń tú nọ́ọ̀tì, mo kàn rí i pé ó rọ̀. Ìràwọ̀ ń yọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ ibẹ̀ pọ̀ débi pé mo ń gbọ́ bí omi ṣe ń jáde láti ojúsun rẹ̀, "bulú, bulú", bíi ti ọbẹ̀ tó wà lórí iná jẹ́jẹ́. Ilẹ̀ agbègbè yẹn ló ń ya kúrò lára ara rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ó sì ti là sísàlẹ̀ jìnnà. Òjò àti yìnyín orí òkè ń rin wọ inú rẹ̀. Inú ilẹ̀ sì ń gbóná sí i bí a bá ṣe ń lọ sísàlẹ̀, nǹkan bí 25 sí 30°C fún kìlómítà kan. Omi tó bá ti dé ìsàlẹ̀ lọ́hùn-ún, ojú ibi tó là yẹn náà ló ń gbà padà wá sókè.

Lóru, kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ ìgbẹ́ wá jẹ búrẹ́dì wa odidi kan. Àwọn tó ń wa kùsà láyé ọjọ́un ló kó ìyá wọn àgbà wá síbẹ̀. Ẹ ti oúnjẹ mọ́ inú ọkọ̀. Bàálù ológun sì lè fò kọjá lójijì, kó fò wálẹ̀ gan-an, kí ariwo rẹ̀ má dẹ́rù ba yín. Iyọ̀ ni wọ́n fi sọ àfonífojì náà lórúkọ. Láàárín 1911 sí 1913 ni wọ́n fi òpó igi àti wáyà irin ṣe ọ̀nà tí garawa iyọ̀ ń so rọ̀ mọ́ kọjá, nǹkan bí 21 kìlómítà, tó gun òkè Inyo sọdá sí òdì kejì. Mo rí òpó díẹ̀ nínú wọn lókèèrè. Ilẹ̀ àwọn Timbisha Shoshone ni látilẹ̀ wá, ọdún 1994 ni ìjọba fà á mọ́ ọgbà ìpamọ́ Death Valley. Òfin ọgbà náà ò gbà kí ẹ ṣẹ́gi níbẹ̀. Ẹ gbé igi ìdáná yín dání, inú àwo irin ni kí ẹ ti dá a, kí ẹ sì kó eérú àti ìdọ̀tí yín padà sílé.

Ohun kan kù tí àbúrò yín lè máa tijú àtisọ. Ọ̀pọ̀ èèyàn ni kì í wọṣọ nínú omi yẹn. Ó ti pẹ́ tó ti jẹ́ àṣà ibẹ̀, kò sẹ́ni tó ń wo ẹnikẹ́ni, kò sì sẹ́ni tó máa bá yín wí tí ẹ bá wọ tiyín. Ṣùgbọ́n ilé ni kí Màmá ti gbọ́ ọ, kí ó má lọ bá wọn lójijì.

Èrò mi lórí Màmá rèé, ẹ má bínú. Ẹ má gbé wọn gba ọ̀nà yẹn. Orúnkún yẹn ò ní fara da gbogbo wákàtí tí ọkọ̀ á fi máa gbọ̀n, tí nǹkan kan bá sì ṣẹlẹ̀ lóru, ta lẹ ó ké sí? Ibì kan wà tó ń jẹ́ Tecopa, lápá gúúsù ìlà oòrùn Death Valley. Omi gbígbóná látinú ilẹ̀ náà ni, inú aṣálẹ̀ náà ni, ṣùgbọ́n ọ̀dà dé ibẹ̀. Ilé ìwẹ̀ ọkùnrin wà lọ́tọ̀, ti obìnrin wà lọ́tọ̀. Ẹ gbé Màmá lọ síbẹ̀. Tí ẹ̀yin àti àbúrò yín bá fẹ́ dé Saline Valley, ẹ̀yin méjèèjì ni kí ẹ lọ, kí ẹ sì ní ọkọ̀ kejì tí yóò máa tẹ̀ lé yín.

Nọ́ọ̀sì_ÌdíÀbà

Ẹ kú iṣẹ́ ńlá, Bọ̀ọ̀dá Alátáyà. Ẹ̀gbọ́n mi Ìyá Ìbejì, Tecopa tàbí Ìkógòsì, ọ̀rọ̀ tèmi kan gbogbo rẹ̀.

Omi gbígbóná ń mú kí iṣan ẹ̀jẹ̀ fẹ̀, ìfúnpá á wá sílẹ̀. Oògùn tí Màmá ń lò, iṣẹ́ kan náà ló ń ṣe. Tí méjèèjì bá pàdé, tí wọ́n sì dìde fùú, òòyì á kọ́ wọn. Ìyá bàbá mi ṣubú báyẹn nílé ìwẹ̀ lẹ́yìn tí a fi omi gbígbóná wẹ̀ wọ́n tán, egungun ìgbáròkó wọn ló kán, wọn ò sì dá rìn mọ́ títí wọ́n fi lọ. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi lè ka ọ̀rọ̀ yín kí n kọjá lọ. Ìṣẹ́jú 10 sí 15 ti tó fún Màmá lẹ́ẹ̀kan. Kí wọ́n kọ́kọ́ jókòó sí etí omi fún ìgbà díẹ̀ kí wọ́n tó dìde, kí ẹ di ọwọ́ wọn mú, kí wọ́n mu omi, kí wọ́n sinmi. Ẹ rí dókítà tó ń kọ oògùn fún wọn kí ẹ tó gbéra. Tí àtọ̀gbẹ bá wà lára wọn, ẹ sọ fún un pẹ̀lú, torí ẹsẹ̀ alátọ̀gbẹ lè má mọ̀ pé omi ń jó òun.

Orúnkún wọn á rọ̀, ìrora á dín kù fún ìgbà díẹ̀, ìyẹn kì í ṣe irọ́. Bí táwẹ̀lì tí ẹ ń fi dì í láràárọ̀ ṣe ń ṣe náà ni. Ṣùgbọ́n kò ní tún eegun tó ti jẹ ṣe, ẹ má sì jẹ́ kí wọ́n torí ẹ̀ fi oògùn sílẹ̀.

Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ ri orí bọ inú rẹ̀. Kòkòrò kan tí ojú lásán ò lè rí, Naegleria fowleri, lè wà nínú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ tí kì í ṣe omi òkun. Ẹni tó gbé omi náà mì kò ní kó o. Tó bá gba imú wọlé ló ń lọ sí ọpọlọ, agbára káká sì lẹni tó bá mú fi ń yè é. Kò wọ́pọ̀ rárá. Kí imú ṣáà ti wà lókè omi.

ÌyáÌbejì_Ìtòkú

Ọlọ́run á ràn gbogbo yín lọ́wọ́ bí ẹ ṣe ràn mí lọ́wọ́ yìí. Mo ka gbogbo rẹ̀ sétí Màmá lálẹ́ àná lórí ìjókòó. Nígbà tí mo dé ibi tí bọ̀ọ̀dá ti ní kí n má gbé wọn lọ, ojú wọn rẹ̀wẹ̀sì, wọn ò sọ̀rọ̀ fún ìgbà pípẹ́. Ìgbà tí mo ka ti ilé ìwẹ̀ àwọn obìnrin ní Tecopa ni wọ́n gbójú sókè, wọ́n ní, "Ṣé omi látinú ilẹ̀ náà ni?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Wọ́n ní ó dáa, ibẹ̀ làwọn ń lọ. Ọjọ́rú a ó rí dókítà wọn. Ọmọ Èkìtì, tí a bá padà, a ó gbé wọn dé Ìkógòsì náà, wọ́n ti béèrè iye wákàtí tó jẹ́.

Mo pe àbúrò mi. Ó kọ́kọ́ ń jiyàn, mo fi ìtàn àwọn ará Jámánì yẹn ránṣẹ́ sí i, ó dákẹ́. Ó gbà pé kí Màmá lọ sí Tecopa. Ti Saline Valley, ó ní ọ̀rẹ́ òun tó ni ọkọ̀ á fi ọkọ̀ mìíràn bá wa lọ. Mo ní kó lọ ya fọ́tò nọ́ńbà ara táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kó tó di pé mo gbà. Ohun tó fi ránṣẹ́ rèé: mẹ́ta jẹ́ 0823. Ti ẹ̀yìn lápá òsì jẹ́ 4515. LT wà lára gbogbo wọn. Bọ̀ọ̀dá, ẹ jọ̀wọ́, ṣé ó dáa bẹ́ẹ̀?

Alátáyà_Láfẹ́nwá

Ẹ kú ìtọ́jú Màmá.

0823, ọ̀sẹ̀ kẹjọ ọdún 2023 nìyẹn. Mẹ́ta wọ̀nyẹn dáa. 4515, ọ̀sẹ̀ karùndínláàádọ́ta ọdún 2015. Ó ti pé ọdún mẹ́wàá. Ó ṣeé ṣe kí ẹni tó ni ọkọ̀ má mọ̀, bóyá ọ̀kan bẹ́ fún un lójú ọ̀nà, wọ́n sì fi ti àtijọ́ dí i fún un. Bó ti wù kó dán tó, kí wọ́n yọ ọ́ kí ọkọ̀ yẹn tó kúrò ní Los Angeles.

Ẹ ní kó tún sùn sílẹ̀, kó yọjú sábẹ́ ọkọ̀ lẹ́yìn, kó ya nọ́ńbà ẹ́kísítírà. Ibẹ̀ ni èèyàn kì í wò. Ẹ fi ránṣẹ́ sí mi tó bá ti dé, mo wà ní ṣọ́ọ̀bù títí di aago méje.